Kí Ẹ Tó Gé Fẹ́ńdà Jíìpù Yín

Jíìpù tó ga, tí táyà rẹ̀ gbòòrò tó sì yọ síta díẹ̀ ju ara ọkọ̀ lọ, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú Èkó ń fojú wá kiri lójú pópó. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ìdí-Àràbà gba Múṣin lọ sí Òṣòdì lásìkò òjò mọ̀ pé kòtò ojú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ó sì mọ̀ pé àgbàrá lè bo títì títí tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí gọ́tà wà. Táyà ńlá dára fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó tún dára lójú. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ẹwà ni ọ̀pọ̀ ń wá, kòtò ni wọ́n fi ń ṣe àwáwí.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ti wọn àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn àgbà wa ń pe táyà, orúkọ náà sì bá a mu. Fẹ́ńdà, ìyẹn irin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè tó sì bo táyà lókè, ni mo lè pè ní bàtà rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wá tóbi ju bàtà lọ ńkọ́? Ìdáhùn tí a ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ mẹkáníìkì ni pé kí a gé bàtà. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ìdílé kan tí mo mọ̀ ní Ìdí-Àràbà, tọkọtaya náà sì gbà kí n kọ ọ́ síbí bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Ọkọ ní Toyota 4Runner ti ọdún 2004. Ó lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Múṣin, tí kò jìnnà sí ilé wọn rárá, ó sì rí táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin tí ojú wọn ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Owó wọn kò tó ìdajì owó tuntun. Ó sanwó kó tó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí fọkanáísà gbé ọ̀kan wọ ẹsẹ̀ iwájú, bí wọ́n ṣe yí sítíárìn ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ariwo rẹ̀ sì ń dun eyín. Wọ́n ní kó lọ gé fẹ́ńdà. Ìyàwó ní owó tí wọ́n bá fi gé e, owó iléèwé àwọn ọmọ ni wọ́n gé yẹn. Ọkọ ní ọkọ̀ tó ga ni yóò máa gbé àwọn ọmọ náà kọjá nínú omi. Àwọn méjèèjì ní àwíjàre. Èmi fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀.

Táyà tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ yẹn ní 265/70R16 lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èkejì ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó: bí a bá pín ìbú náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 70 nínú rẹ̀ ni gíga ẹ̀gbẹ́, ìyẹn mìlímítà 185.5. Ẹ̀kẹta ni ríìmù, íńṣì 16, tó jẹ́ mìlímítà 406.4. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó wà lókè ó sì wà nísàlẹ̀, ẹ fi ríìmù kún un: táyà náà ga tó nǹkan bíi mìlímítà 777. Èyí tí ọkọ rà ní Ládípọ̀ jẹ́ 285/75R16. Bí a bá ṣe ìṣirò kan náà, ó ga tó 834. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 57.

Ṣùgbọ́n àárín táyà ni ọkọ̀ jókòó lé, kì í ṣe orí rẹ̀. Nítorí náà ìdajì ìyàtọ̀ yẹn péré ló ń gbé ọkọ̀ sókè: mìlímítà 28. Ẹ na ọwọ́ yín jáde, kí ẹ wo ìka méjì tó fara kanra. Mìlímítà 28 kò pé ìbú ìka méjì àgbàlagbà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ìka méjì náà kò ṣe é fojú di nínú kòtò.” Òótọ́ ni. Ìdajì kejì ńkọ́? Ó kọjú sí òkè, ó kọjú sí iwájú, ó sì kọjú sẹ́yìn, sí ara irin àti ike tó yí táyà ká. Òun ló ń ha.

A jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àgbà panẹ́ẹ̀lì-bítà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn òpópónà Ìṣàgá. Ọkọ kí i tán, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi gé fẹ́ńdà yìí kí táyà lè ráyè.”

“Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé fẹ́ńdà ló ń ha?”

“Fọkanáísà ni, sà.”

“Ó wò ó ni, àbí ó gbọ́ ariwo rẹ̀?”

Bàbá kò gbé ẹ̀rọ ìgérin rárá. Ẹfun ni ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun mú wá. Ó fi kun èjìká táyà yíká, ó ní kí wọ́n yí sítíárìn dé òpin lápá òsì, kí wọ́n ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n tì í sẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí wọ́n yí i dé òpin lápá ọ̀tún. Ó tún fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà ní ìkọjá rẹ̀ sókè, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tẹ ẹsẹ̀ méjì tó kù wọnú bí ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Ibikíbi tí ẹfun bá kàn, ibẹ̀ ni táyà ń ha. Mo gbádùn ọgbọ́n yìí ju gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà lọ.

Ẹfun fi hàn pé ibi mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ike dúdú tí wọ́n fi tẹ́ inú fẹ́ńdà. Ìkejì ni igun ìsàlẹ̀ bọ́ńpà iwájú. Ìkẹta ló le jù: irin tó nípọn lẹ́yìn táyà iwájú, níbi tí ara ọkọ̀ gbé jókòó lórí ṣáásì. Àwọn tó ń tún irú 4Runner yìí ṣe mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni táyà tó bá ti tó íńṣì 33 máa ń kọ́kọ́ kàn. Ìkẹrin ni etí fẹ́ńdà fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ wálẹ̀ gan-an nìkan ni táyà ń kàn án. Ká ní wọ́n ti gé fẹ́ńdà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá sanwó tán, wọn ì bá kun ọ̀dà tán, táyà náà ì bá sì tún máa ha.

Bí ó bá wá jẹ́ pé fẹ́ńdà gan-an ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò ju mẹ́ta lọ. Etí fẹ́ńdà ní irin tín-ín-rín kan tí wọ́n ṣẹ́ sínú, bí aránṣọ ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n tẹ ìṣẹ́tí yìí mọ́ òkè kí ó má baà bẹ́ táyà lójú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru yá ọ̀dà ibẹ̀, nítorí ọ̀dà tó tutù máa ń sán bí irin bá tẹ̀; wọ́n á wá fi òòlù onírọ́bà lù ú díẹ̀díẹ̀. Kò sí gígé nínú èyí, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé etí náà kúrò, kí wọ́n fi fáìlì ra ojú rẹ̀ kó má baà mú bí ọ̀bẹ, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n sì fi ike tó gbòòrò bò ó níta. Ike yìí ló ń mú kí jíìpù dàbí ẹni tó wú àyà. Ìkẹta ni iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n: wọ́n á la etí irin náà sí wẹ́wẹ́, bí aránṣọ ṣe ń fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ tó bá fẹ́ kó yí ọrùn dáadáa, wọ́n á ṣẹ́ awẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú, wọ́n á sì jó wọn pọ̀. Fẹ́ńdà á ga sí i, agbára rẹ̀ kò sì ní dínkù.

Fẹ́ńdà ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀. Fẹ́ńdà iwájú, bóòtì ni wọ́n fi dè é. Bí ẹnikẹ́ni bá gé e bàjẹ́, a ó tú u, a ó ra òmíràn ní Ládípọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ti ẹ̀yìn kò ní bóòtì, ara ọkọ̀ gan-an ni. Awẹ́ irin méjì ni, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, tí wọ́n jó pọ̀ ní etí. Ẹni tó bá gé e kọjá ojú jíjó yìí ti ya awẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó tú ojú rírán àpò. Omi àti ẹrẹ̀ tí táyà bá ń ta sókè á máa wọ àárín wọn, á sì máa gbé ibẹ̀. Ìpẹtà kì í pariwo. Ó lè jẹ irin náà fún ọdún kan gbáko lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á gé ti ìta, á la ti inú, á fi òòlù lù ú pàdé ti ìta, á jó wọn pọ̀ yíká, á sì fi oje dí gbogbo ojú jíjó kí ó tó kun ún. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á fi bọ́dì fílà dí àlàfo náà, á kùn ún, á gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ béèrè kí wọ́n tó kùn ún. Bí ọ̀dà bá ti gorí rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ ara wọn bí ìbejì.

Nǹkan méjì míì wà tí Bàbá tẹnu mọ́, mo sì rí i pé ẹ̀mí wà nídìí méjèèjì. Kí wọ́n tó jó irin kankan lára ọkọ̀, kí wọ́n tú orí bátìrì, nítorí iná ìjórin lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbà da epo sínú ọkọ̀, páìpù epo gba inú fẹ́ńdà ẹ̀yìn kọjá. Iná tí ń ta láti ara ẹ̀rọ ìgérin àti epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ pàdé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yọ ike inú fẹ́ńdà, kó sì wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí àbájáde gígé yìí ní ọ̀nà tó kan àpò. Jíìpù Ford Bronco àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1966 sí 1977, ní ihò táyà kékeré lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in nígbà náà gé e láti fi táyà ńlá sí i. Lónìí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gé rí ló ṣọ̀wọ́n, òun sì ni àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń fi owó ńlá lé kiri. Èmi kò sọ pé 4Runner ti ọdún 2004 yóò di ohun ìṣúra lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta jíìpù rẹ̀ l'Ékòó mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá rà á kò ní ṣàì mú mẹkáníìkì dání, mẹkáníìkì náà á sì kọ́kọ́ fi ìka kan ara ọkọ̀ kó lè mọ ibi tí bọ́dì fílà wà.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé wọ́n gé e, ó sì dára. Táyà ńlá ṣì ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́rùn. Aago tí ń sọ eré ọkọ̀ kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti pààrọ̀. Nínú ìṣirò wa yìí, bí aago bá sọ pé ẹ wà lórí 100 ní wákàtí kan, 107 lẹ wà. Táyà tó wúwo jù ń gba agbára púpọ̀ kó tó yí, ó sì ń gba agbára púpọ̀ kó tó dúró. Bíréèkì tó wà lára ọkọ̀ kò sì pọ̀ sí i. Epo á máa lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rọrùn fún un láti dojú dé bí awakọ̀ bá já a gbà lójijì. Ibi ààyè tí wọ́n ń gbé táyà ìpààrọ̀ sí lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú lè má gba èyí tó tóbi.

Ìyàwó kò bá wa dá sí ìjíròrò ìgérin. Ó ti tẹríba sídìí táyà kan, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó ń ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ó wá pe ọkọ rẹ̀: “Dádì Tóbi, ẹ wá wo nǹkan yìí.” Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 1416. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ń sọ ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe táyà tí ọkọ rẹ̀ rà ní olówó pọ́ọ́kú. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, ní táyà kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ojú táyà náà jinlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ó ń le, ó ń sán láti inú. Ó tún ku ti ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ ni wọ́n ń ki bọ inú ara wọn kí wọ́n lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà kan, ìkìbọnú yìí sì ń fa wáyà tó wà nínú wọn ya.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa kò mọ ohun tó dára. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà ti ń wá, owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Mo mọ ìdí tí ọ̀dọ́ kan fi lè ya sí Ládípọ̀. Síbẹ̀, táyà kì í wo ipò ẹni kó tó bẹ́. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Jíìpù ni wọ́n wà nínú rẹ̀, FRSC sì sọ pé táyà ló bẹ́ lórí eré.

Ọ̀rọ̀ omi tí ọkọ fi ń jà ló kù. Nínú àgbàrá tó ń ṣàn, omi tó jìn tó nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ńtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, jíìpù pẹ̀lú. Táyà ńlá fi mìlímítà 28 kún un, kò sì gbé ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí kúrò ní àyè rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ńjìnnì tó bá mu omi, àwọn tó ń gbé Lẹ́kkí lè ròyìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti omi ni, kí ẹ dúró de ìgbà tí yóò fà ló dára jù.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù lágbàáyé, mo rò pé àwọn ará Iceland ni. Ilé-iṣẹ́ Arctic Trucks, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Toyota níbẹ̀ ní ọdún 1990, ń fi táyà íńṣì 38 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Hilux àti Land Cruiser. Wọ́n ń gé fẹ́ńdà gidigidi. Ṣùgbọ́n ìrìn orí yìnyín ni wọ́n ń ṣe é fún: wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn táyà dínkù kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọkọ̀ má baà rì. Wọn kì í sì gé fẹ́ńdà nìkan kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Sípíríǹgì ńkọ́, jíà ìdí ọkọ̀ ńkọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe pọ̀. Kò sí yìnyín ní Ìdí-Àràbà.

Bàbá fún wọn ní ìmọ̀ràn tí èmi náà fara mọ́: kí wọ́n wá 265/75R16 tuntun. Ó ga tó mìlímítà 804, ìyẹn ni pé ọkọ̀ yóò fi nǹkan bí mìlímítà 13 ga sí i. Ike inú fẹ́ńdà nìkan ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé díẹ̀, kò sí irin tí wọ́n ó fọwọ́ kàn. Kí wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nítorí jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin fa ara rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò náà. Owó ohun mímu ni ọkọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń fowó jọ, 4Runner náà sì ṣì wà lórí táyà rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ti san owó iléèwé. Ọkọ fẹ́ ta táyà ńlá mẹ́rin yẹn padà, ìyàwó kò gbà, ó ní ọmọ ẹlòmíràn náà ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò inú àgbàlá, àwọn ọmọ ń fi ṣe jáńgílọ́fà. Mẹ́ta yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti lu wọ́n ní ihò nísàlẹ̀ kí omi má baà dúró sínú wọn fún ẹ̀fọn.